Ìyá Alágbo Tí Kì Í Mu Ọtí

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé Ìyá Sàdíà wá sọ́dọ̀ wa. Àárọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ pín oògùn fún àwọn aláìsàn tán, mo ní kí n mu tíì díẹ̀ ni mo gbọ́ igbe lẹ́nu géètì. Ọkùnrin kan tí ọ́ìlì mọ́tò ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mọ́ra, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti sọ nǹkan sí ẹ̀gbọ́n mi!" Obìnrin náà ń gbọ̀n tọwọ́ tẹsẹ̀, òógùn ti mú kí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó sì ń gbá nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí kúrò lára. Ó ní ìjàlọ ni. Kí a tó gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì, gìrì ti mú un.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Sùúrùlérè ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Mo ti tọ́jú ọmọ yunifásítì tó ń mu kódìn bí ẹni mu omi, mo ti tọ́jú awakọ̀ tó ń fi tiramádọ̀ọ̀lù lé àárẹ̀, mo ti tọ́jú ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ ààfáà. Bí ẹ bá bi mí pé irú ènìyàn wo ni bárakú ń mú, màá ní irú èyí tó bá ní ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni. Mo lẹ́nu, mi ò jiyàn. Àwọn aláìsàn máa ń pè mí ní Àǹtí Pàṣán lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Dókítà gún Ìyá Sàdíà lábẹ́rẹ́, a fa omi sí i lára, gìrì náà sì rọlẹ̀. Nígbà náà ni mo kọjú sí àbúrò rẹ̀. Gàníyù lorúkọ rẹ̀, iná mọ́tò ló ń ṣe ní Muṣin.

"Ìgbà wo ló mu ọtí kẹ́yìn?" Mo bi í.

"Ọtí kẹ̀? Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi kì í mu ọtí o. Mùsùlùmí ni wá. Àgbo ló ń tà."

"Àgbo wo?"

"Jẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀. Ó wá ń mu ún jù. Ó ń ṣubú ní títì, ojú ń tì wá. Ni mo bá palẹ̀ gbogbo ìgò ẹ̀ mọ́, mo tì í mọ́ yàrá láti ìjẹta, kó lè rẹ́sìtì. Oúnjẹ ń wọlé fún un o. Mi ò fìyà jẹ ẹ́ rárá."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á!"

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ara tí ọtí ti mọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, a kì í já ọtí gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì. Ọpọlọ ti ń retí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń retí rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jà: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa ṣàn, onítọ̀hún á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì sì lè gbé e lọ pátápátá. Àwọn ẹbí á ní ayé ló ń ṣe é. Kì í ṣe ayé, ọtí tí kò rí mu ni. Oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wà, abẹ́rẹ́ fítámì tó ń gba ọpọlọ sílẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú yàrá tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán, Gàníyù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ojú tì mí fún igbe tí mo ké mọ́ ọn, mo lọ gbé omi tútù wá fún un. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo rí tó ti ènìyàn wọn mọ́lé tàbí tó so wọ́n mọ́lẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àìmọ̀ ló bá a jẹ́.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara Ìyá Sàdíà balẹ̀. Fífọ ara là ń pe apá ìtọ́jú yìí, òun ló sì rọrùn jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. A máa ń jókòó yíká ní gbogbo àárọ̀, kálukú á sọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá Sàdíà á wé ìbòrí rẹ̀ dáadáa, á kí gbogbo wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní, "Ibà ni o. Ibà líle ló dá mi gúnlẹ̀."

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn nígbà náà, òṣìṣẹ́ báǹkì, tí kò lè sùn láìmu ọtí. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mummy, ibà yín yìí, ṣé inú ìgò lẹ ti kó o ni?"

Obìnrin náà gbaná jẹ. "Èmi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi! Bíà ò wọ ilé bàbá mi rí. Àgbo ni mò ń mu. Ṣé ẹni tó ń lo oògùn lẹ wá ń pè ní ọ̀mùtí?"

Kò purọ́ o. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ọgógóró tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ọtí ni. Ṣùgbọ́n bí egbò àti èèpo igi bá ti bọ́ sínú rẹ̀, ó ti di oògùn, oògùn kò sì lẹ́ṣẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ń gbé Muṣin àti Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, tí wọ́n á kọ bíà níbi ìnáwó, tí wọ́n á sì mu paraga ní ìdájí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ya àwòrán ẹ̀dọ̀ fún un, ó ṣàlàyé pé tirẹ̀ ti wú, pé bí ó bá tún padà sí i, ẹ̀dọ̀ náà kò ní gbà á mọ́. Ìyá Sàdíà dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún Dókítà, ó wá béèrè ọjọ́ tí òun máa padà sí ìsọ̀ òun.

Ẹ̀rù bà mí. Kò sí bí a ṣe lè fi agbára dá a dúró, bí ó bá sì lọ bẹ́ẹ̀, òkú rẹ̀ ni Gàníyù máa sin. Mo ti rí i rí, kò dùn ún rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá Sàdíà ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnnì. Àwọn aláìsàn wa máa ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa wàásù, ni mo bá kúkú bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbo. Ojú rẹ̀ là. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò títí omi rẹ̀ á fi mọ́, bí wọ́n ṣe ń to èèpo igi sí ìsàlẹ̀ ìgò, bí atalẹ̀ kò ṣe gbọdọ̀ pọ̀ jù kó má baà bo adùn ìyókù. Ọ̀gá ni obìnrin yìí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀wà, mo ń gbọ́ ọ.

"Ti ká tọ́ ọ wò ńkọ́?" Mo bi í. "Mo máa ń rí i pé alágbo á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu."

"Ha! Ìyẹn ni ìyá iṣẹ́. Tí oníbàárà bá dé, tí mo bá bù ú fún un, èmi ni màá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá mi ní ẹni tó bá gbé àgbo fún ènìyàn láìtọ́ ọ wò, apànìyàn ni."

"Gbogbo oníbàárà?"

"Gbogbo wọn ni. Ẹ̀tọ́ wọn ni."

Mi ò pète nǹkan kan. Àwàdà ni mo fi bi í pé, "Nínú gbogbo wọn, ta ló wá ń mu jù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn panẹ́bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni. Ó tún ronú, ó ní rárá, àwọn yẹn kì í wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó dárúkọ awakọ̀ kan, ó ní ìyẹn náà, ife kan péré ni, á lọ. Ó fẹ́ dárúkọ ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró nínú ẹ̀wà.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Èmi ni."

Ó gbé ojú sókè wò mí, omi ti kún un. "Àní èmi ni mò ń mu jù. Gbogbo èyí tí wọ́n ń mu, mo bá wọn mu nínú ẹ̀. Yéè, ọtí ni mò ń mu. Ọlọ́run, ọtí ni mò ń mu."

Mo gbé atẹ ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó láàárín gbogbo wọn, ó sọ ọ́ ní gbangba. Òṣìṣẹ́ báǹkì yẹn dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó láyà tó báyìí.

Ó gba ìtọ́jú náà dópin. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, a pe Gàníyù wá kí a jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó máa ṣe. Mo ní kó pa àgbo tì, kó lọ máa ta bùrẹ́dì. Ó ní ewé àti egbò ni ọwọ́ òun mọ̀, pé ẹlẹ́wé ọmọ lòun máa ṣe, òun á máa ta wọ́n ní gbígbẹ, kálukú á lọ sè é nílé rẹ̀, kò ní sí ìgò kankan nísọ̀ òun.

Mo ní, "Ṣé ẹni tí ejò bù jẹ ló tún ń lọ kọ́lé sẹ́nu ihò ejò?"

"Àǹtí, gbogbo Muṣin ni ihò. Níbo lẹ wá fẹ́ kí n kọ́ ọ sí?"

Ó lọ, ó sì ṣe é bó ṣe wí. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọjọ́ ọdún Iléyá ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ti wọ kẹ̀kẹ́, ó ti dúró lẹ́nu géètì wa. Ó ní, "Mo mu ún. Ẹ gbà mí padà." Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fi ìṣubú díwọ̀n ènìyàn. Bí ó ṣe tètè padà wá ni à ń wò, tirẹ̀ sì yá ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀ rẹ̀, nítorí a máa ń tẹ̀lé àwọn ènìyàn wa délé. Ọ̀sán gangan ni, títì kún fọ́fọ́. Kó tó rí mi ni panẹ́bítà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tóyìn ti dé, ó mú ìgò ọgógóró dání, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Ìyá Sàdíà! Ẹ ní ẹ ò ta ọlọ́tí mọ́, kò burú, mo ti ra tèmi wá. Ẹ ṣáà bá mi kó egbò sí i, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò fún mi. Ọwọ́ yín ni mo gbà gbọ́."

Ó ṣí ìgò náà. Òórùn rẹ̀ kàn mí níbi tí mo dúró sí. Mo fẹ́ sáré lọ gba ìgò yẹn, mo sì mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbà á. Ìyá Sàdíà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Bàbá Tóyìn, ẹ má bínú o. Mi ò lè tọ́ ọ wò. Ọtí ló fẹ́ pa mí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbà mí là. Tí mo bá fi kan ẹnu, mo ti padà nìyẹn."

Obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú. "Ìyá Sàdíà, ẹ̀yin kẹ̀? Ọtí bí i báwo?"

"Ọtí bí ọtí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Tóyìn dé ìgò rẹ̀, ó kùn pé èyí kì í ṣe Ìyá Sàdíà tí òun mọ̀, ó sọdá lọ sọ́dọ̀ alágbo òdìkejì títì. Ẹni méjì tó ń dúró de ewé náà tẹ̀lé e lọ. Mo sún mọ́ tábìlì náà, mo dì mọ́ Ìyá Sàdíà, mo ń sunkún láàárín ọjà láìtijú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, n kò rí ìgboyà tó wú mi lórí tó ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó, Àǹtí," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀? Ó ṣì ń dùn mọ́ mi nímú."

"Tó bá tún gbé e wá lọ́la ńkọ́?"

"Á gbé e wá. Bàbá Tóyìn kì í tètè gbọ́ ọ̀rọ̀." Ó nawọ́ sí ewé dóńgóyárò tó wà níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí kò tíì gbẹ kúrò nínú rẹ̀. "Màá tún sọ ọ́ fún un."