Ọjọ́ Tí Fáṣínà Ní Yẹ̀kínì Ti Lọ

Bí orúkọ olóògbé Gbádébọ̀ Fáṣínà bá jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Festac, ìtàn Yẹ̀kínì ni yóò tẹ̀ lé e.

Yẹ̀kínì ni fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ́ọ̀tì Áfẹ́níù. Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ilé ìwòran Dorothy wà. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ló ni gbọ̀ngàn ńlá. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ni Dorothy fi fún àwọn tó fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀. Olórí wọn ni Fáṣínà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Fáṣínà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n. Á pa ohùn wọn, á dìde dúró, á sì máa fi Yorùbá ròyìn eré náà fúnra rẹ̀. Kì í pe àwọn awakọ̀ ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Orúkọ ará àdúgbò tí ojú wọn bá jọ ló fún wọn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ pupa jọ Yẹ̀kínì ní imú, ló bá di Yẹ̀kínì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, èéfín dúdú yọ láti apá Satellite Town, níbi tí àwọn táńkà epo máa ń tò sí. Láti àárọ̀ ni Yẹ̀kínì ti gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti lẹ táyà fún àwọn onítáńkà. Toyibat ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn fèrèsé yàrá Dorothy, ó ń pe fóònù ọkọ rẹ̀, fóònù kò wọlé. Ó ń wo èéfín, ó sì ń tún un pè. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ pupa yọ ní kọ́nà, tó gba iwájú.

"Yẹ̀kínì ti lọ!" ni Fáṣínà pariwo láti inú yàrá. "Háà! Mo ní Yẹ̀kínì ti lọ! Kò sẹ́ni tó lè dá a padà mọ́!"

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Toyibat. Igbe tó ké ló mú àwọn obìnrin jáde láti gbogbo ojúlé. Kò pẹ́ tí iwájú ilé Yẹ̀kínì fi kún, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí ààfáà, torí òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Máárúwá kan ti já Yẹ̀kínì fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí èrò. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń yí nílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin kan tí kò gbójú sókè dì í mú léjìká, ó ní, "Ẹ mọ́kàn le. Ọ̀nà gbogbo wa ni."

"Ta ló kú?" ni Yẹ̀kínì bèèrè nínú ẹkún.

Ọkùnrin náà wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ìwọ ni," ó wí, ó sì fi eré gé e.

Gbogbo àdúgbò fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Fáṣínà bí, kò rẹ́rìn-ín. Ilé ìtajà oògùn kan ní Ẹ́sítéètì Rájí Ràsákì ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un: ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ń ru, ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, igbe kíké lè pa á. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ Àìkú ti di ọjọ́ ẹ̀rù fún un. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé fóònù sórí tábìlì, á máa wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò. Bó bá dún, tó jẹ́ pé oníbàárà ló ń bèèrè oògùn ikọ́, á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó dá a lóhùn.

Dorothy ní tirẹ̀ pe ìpàdé. "Bàbá Ẹ̀bùn, mi ò fẹ́ ẹkún òkú ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ míì tẹ́ ẹ ó máa sọ bí ọkọ̀ kan bá gba iwájú èkejì."

"Mo lè ní ó ti kọjá lọ," ni Fáṣínà wí.

"Òkú náà nìyẹn," ni Toyibat dáhùn. Wọ́n ti pè é wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tọ́rọ̀ kàn.

"Ó ti ṣíwájú ńkọ́?"

"Bàbá, ta ló ń ṣíwájú wa, bí kì í bá ṣe olóògbé?"

"Ó dáa. Ó ti yà á sílẹ̀."

Ojú Samson yí padà. Awakọ̀ táńkà ni Samson, òun ló sì máa ń ta ko Fáṣínà jù nínú yàrá náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìyàsílẹ̀ níbí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù ẹ̀ lọ ni."

"Ó ti fi í sílẹ̀?"

"Ojú egbò yẹn náà lẹ tún ń tẹ̀ yẹn."

Fáṣínà bọ́ fìlà, ó fi lé orúnkún. "Ó dà bíi pé èdè wa yìí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sáré," ó wí.

Bí ọkùnrin tó ti búra pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ò ní jáde lẹ́nu òun nínú yàrá yẹn ṣe gbà láti máa sọ pé "ó ti ófátéèkì ẹ̀" nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé ọkọ̀ gan-an ń ba Fáṣínà lẹ́rù. Ó mọ gbogbo kọ́nà tó wà ní pápá ìje lókè òkun, ṣùgbọ́n bó bá wọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di irin òkè ilẹ̀kùn mú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Máìlì Túù, Ẹ̀bùnlọlá gba iwájú kẹ̀kẹ́ Máárúwá kan.

"Ẹ̀bùn! Kí lò ń sá fún?"

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ ni mo kọjá lára ẹ̀."

"Kí ló ṣe ọ́?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Fọ́ọ̀sì Géètì, ó fi ẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn. Samson gbọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nínú yàrá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ràn eré ọkọ̀, ẹ sì ń bẹ̀rù ọkọ̀. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

"Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí ìjà ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kan fò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ta ló ti gbá ẹ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí?"

Samson ronú díẹ̀. "Ìyàwó mi," ó wí.

Nígbà tí ẹ̀rù pọ̀ jù fún Ẹ̀bùnlọlá, ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀. Fáṣínà ṣèlérí pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòun ó máa sọ̀rọ̀. Ó mú ìlérí ṣẹ. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ròyìn eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Gbogbo wọn na ọrùn, wọn ò lè mí dáadáa. Bó bá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé táyà awakọ̀ tó ń pè ní Ọlábánjí ti ń lọ sópin, òtútù á mú wọn. Nígbà tó parí, Samson nu òógùn ojú rẹ̀. "Àǹtí Ẹ̀bùn," ó wí lórí fóònù, "nígbà tí bàbá yín ń pariwo, ọkàn ẹnì kan ló wà nínú ewu. Ní báyìí, gbogbo wa la nílò dókítà."

Fáṣínà padà sẹ́nu igbe rẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá padà sídìí fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbò dé. Eré kan ti parí, wọ́n ti gbé ife fún Yẹ̀kínì onímọ́tò pupa, kí àwọn adájọ́ eré náà tó jáde sọ pé ó ṣẹ̀ sófin, wọ́n sì gba ife padà. Fáṣínà fò sókè. "Ta ló dìbò yàn wọ́n? Wọ́n kóra jọ sí yàrá kan, wọn ò di sítíárì mú, wọ́n ń gba ife lọ́wọ́ ẹni tó làágùn! Ta ló bi àwa òǹwòran léèrè?"

"Ta ló dìbò yàn ẹ̀yin náà?" ni Samson dá a lóhùn. "Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ̀ ń pa ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òyìnbó. Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń pa lẹ́nu mọ́ yẹn, òun náà ti wa ọkọ̀ ìje rí. Ẹ̀yin sọ̀ kalẹ̀ ní Fọ́ọ̀sì Géètì."

Ẹ̀rín gba yàrá náà kan. Fáṣínà kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ìdájọ́. Ó ní kí wọ́n dìbò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀: bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òyìnbó bá wọlé, òun á pa ẹnu òun dé títí láé.

Ẹ̀bùnlọlá gbọ́. Ó ti ilé oògùn, ó wá. Wọ́n nawọ́ fún Fáṣínà, wọ́n nawọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀mì ni. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá, ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì nawọ́. Kò wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá tó yè láìsọ̀rọ̀ ló fẹ́, kì í ṣe èyí tó sọ̀rọ̀ kú. Ó nawọ́ fún tẹlifíṣọ̀n.

"Ìjọba ti yí padà," ni Fáṣínà wí, ó sì jókòó.

Gẹ̀ẹ́sì kún yàrá. Samson ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Fáṣínà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Nígbà tó ṣe, ètè pàápàá dákẹ́. Ọkọ̀ méjì forí gbárí, iná sọ, gbogbo èèyàn dìde, àfi òun. Ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ẹ̀bùnlọlá kò wo eré mọ́, bàbá rẹ̀ ló ń wò. Látọjọ́ yìí ló ti ń bẹ̀rù pé bàbá òun yóò kú síbi tó ti ń pariwo. Kò tíì ronú rí pé ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbi tó dákẹ́ sí.

Ó já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ Dorothy, ó fi pa ohùn òyìnbó náà.

"Kí lẹ ṣe yẹn?" ni Samson bèèrè.

"Mo ti yí ìbò mi padà."

"Kò sí nínú òfin!"

"Àwọn adájọ́ eré yẹn, ṣebí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró ni wọ́n ń yí tiwọn. Ṣé èmi lẹ máa wá dá dúró?"

Samson ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀ síwájú àga bàbá rẹ̀. "Bàbá, ta ló wà níwájú?"

Fáṣínà wo ojú tẹlifíṣọ̀n náà. Ó tún ohùn ṣe. "Báyọ̀ ni," ó wí, jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó di àga mú, ó dìde. "Mo ní Yẹ̀kínì ń bọ̀!"

Láti ọjọ́ náà lọ, Ẹ̀bùnlọlá máa ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Á so ó mọ́ apá òsì bàbá rẹ̀, bàbá á máa fi ọwọ́ ọ̀tún júwe eré. Ẹ̀rù kò kúrò lára Ẹ̀bùnlọlá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rù báyìí. Àwọn oníbọ́ọ̀lù pàápàá á máa yọjú láti gbọ̀ngàn, wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ń sáré jù, ọkọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ Fáṣínà.

Ọjọ́rú kan ni Fáṣínà kú, lọ́sàn-án, nínú àga nílé. Kò sí eré kankan lọ́jọ́ náà. Ọsàn ló ń mu. Ẹ̀bùnlọlá bèèrè láti kíṣìnì bóyá kóun gbé oúnjẹ wá, kò gbọ́ ìdáhùn. Fáṣínà kò pariwo rárá.

Ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àsìkò eré tó, àyà Ẹ̀bùnlọlá bẹ̀rẹ̀ sí í já bó ti máa ń ṣe. Ó dúró láàárín pálọ̀, kò rí ẹni tí yóò bẹ̀rù fún. Ó wọ bàtà, ó lọ sọ́dọ̀ Dorothy.

Gẹ̀ẹ́sì ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ nínú yàrá ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Samson jókòó síwájú, ó káwọ́ gbera, ó ti fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n Samson," ni Ẹ̀bùnlọlá wí, "ṣebí ọkùnrin yín ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ló wá dé?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Samson dáhùn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kò mọ ẹnì kankan ládùúgbò yìí."

Ẹ̀bùnlọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó sì wo eré náà tán. Èyí àkọ́kọ́ tí yóò wò láìbẹ̀rù nìyẹn, ó sì gùn lójú rẹ̀ ju gbogbo èyí tó ti wò rí lọ.