Imú Sakina Onírú

Kò sí ẹni tó ń gbé irú wá sí ọjà ńlá Tamale ní Ghana tí kì í bẹ̀rù Sakina. Kì í ṣe pé ó ń bá wọn jà o. Imú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àwọn obìnrin abúlé Gumani á gbé igbá wọn kalẹ̀, Sakina á bẹ̀rẹ̀, á fa òórùn rẹ̀ símú lẹ́ẹ̀kan péré, á sì tọ́ka sí èyí tí kò jinná. Imú yìí ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Moshie Zongo lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

Ẹ wá wo ọ̀ràn nígbà tí kókó kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ imú yìí kan náà, tó dúdú bíi kóró iṣin. Dókítà àkọ́kọ́ tó rí i fura sí àrùn jẹjẹrẹ. Ó ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé lára imú náà. Sakina gba ilé lọ.

"Bí wọ́n bá gé imú mi," ó bi Ilyas ọmọ rẹ̀, "kí ni mo fẹ́ fi máa ta irú?"

Ilyas fi alùpùpù gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Azeemah, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn, tó ń tọ́jú awọ ara. Azeemah gbé awò kékeré kan tó ní iná lẹ́nu lé kókó náà, irú èyí tí wọ́n fi ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí nínú awọ. Òkùnkùn birimùbirimù ló rí. Ó mú òwú tútù, ó nu ún. Òwú náà di dúdú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe tìróò rèé?"

Sakina wolẹ̀. "Haba, ọmọ mi! Ṣé kókó lásán ni n ó gbé wá síwájú dókítà?"

Ó ti pẹ́ tó ti ń kun ún, tó ń sọ fáráyé pé àmì ẹwà ni.

Azeemah rẹ́rìn-ín, ó tún wò ó. Kókó náà kò dúdú mọ́, ó funfun díẹ̀. Ihò kan wà láàárín rẹ̀, kò sì sí nǹkan nínú ihò náà.

"Màmá, ṣé irun kì í hù níbẹ̀?"

Èyí ló wá le jù. Sakina ní kí Ilyas bọ́ síta ná. "Ó ń hù. Funfun báyìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fi ẹ̀mú fà á tu. Wàláhì, ẹnì kan ò mọ̀."

"Bó bá rí bí mo ṣe rò ó, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n irun yẹn ni mo fẹ́ rí. Ẹ má tu ú, ẹ má kun ún. Ẹ jẹ́ kó hù."

Wàhálà dé! Sakina jókòó sọ́jà pẹ̀lú irun lórí imú. Àwọn oníbàárà ń wo imú, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wo irú. Ojú tì í gan-an, àmọ́ ó fara dà á, torí ìtìjú sàn ju àìnímú lọ.

Nígbà tó padà lọ, Azeemah gbé awò lé e, ó sì kígbe bí ọmọdé. Irun funfun wẹ́wẹ́ ti yọrí jáde nínú ihò náà, wọ́n dì jọ lójú kan. "Gbòǹgbò irun ni kókó yìí ti hù, Màmá! Ẹ kú oríire!" Wọ́n yọ kókó náà nìkan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó lè dájú. Kò sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ tí Sakina padà sọ́jà, àpá kékeré ló kù lára imú, kò sì kun nǹkan kan sí i. Obìnrin Gumani kan gbé igbá irú síwájú rẹ̀. Àwọn yòókù na ọrùn wò ó. Sakina bẹ̀rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀ símú.

"Gbé e padà. Kò jinná."

"Alhamdulilahi!" ni obìnrin tó ni irú náà kígbe, ó sì dì mọ́ ọn.