Ìtànṣán Tí Wọ́n Fẹ́ Tún Tàn Sí Ọmọ Mi Lórí

Orí igi kajú ni ọmọ mi obìnrin ti ré bọ́ ní Masifa, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọmọ ọdún méje ni. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ẹ̀jìgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti ń bì, kò sì lè la ojú dáadáa. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ẹ̀jìgbò ní kí a máa gbé e lọ sí Òṣogbo kíá, kí wọ́n fi síkáànù wo inú orí rẹ̀. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ la jọ lọ. N kò jiyàn rárá.

Ní ilé àyẹ̀wò kan ní Òṣogbo, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ síkáànù tẹ́ ọmọ mi sórí ibùsùn ẹ̀rọ náà, ó sì yára bọ́ sẹ́yìn ògiri onígíláàsì. Mo bi í léèrè ohun tó ń sá fún.

"Ìtànṣán tó ń jáde lára ẹ̀rọ ni, Mọ́mì. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wà níbí. Tí n kò bá sá fún un, yóò pọ̀ jù lára mi."

"Ọmọ mi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí a máa rí níbẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Kí a kàn máa tún un yà láìnídìí ni kò dára, pàápàá fún ọmọdé tí ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Àwòrán jáde, kò fi ẹ̀jẹ̀ kankan hàn. Ṣùgbọ́n wọn kò gba aláìsàn dúró níbẹ̀, a sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ńlá kan ní ìlú náà. Dókítà ọ̀dọ́ kan gba àpò àwòrán lọ́wọ́ mi, kò ṣí i.

"A máa tún un yà níbí."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á tán ni, sà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

"A kì í lo àwòrán ibòmíràn. Àbí ẹ̀yin ni dókítà?"

"Ẹ̀yin ni dókítà. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ kí ọmọ náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọkọ mi, mẹkáníìkì tí gíríìsì kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, fà mí láṣọ: "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é, jọ̀ọ́." Mo gbá ọmọ mọ́ra. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé e kọjá ibẹ̀ láìwo àwòrán tó wà nínú àpò yẹn. Ìyá ọkọ mi, tó ti pẹ́ ní Abidjan, tí Faransé sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i, pariwo: "Non! Rárá o! Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń sọ!"

Ariwo náà ló pe ọ̀gá wọn jáde, obìnrin àgbàlagbà kan. Ó ṣí àpò, ó gbé àwòrán sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ojú ọmọ, ó ní kó di òun lọ́wọ́ mú.

"Èyí tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ. Tó bá tún bì, a ó tún un yà."

Mo ní mo gbà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó tún bì, tó ń ké pé orí ń fọ́ òun. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sáré lọ síbi ẹ̀rọ síkáànù wọn. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ọkùnrin ìṣáájú sọ nípa ara ọmọdé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwọ̀n ìtànṣán ti ọmọdé lẹ gbé ẹ̀rọ yìí sí?"

"Bí a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, Mọ́mì."

"Gbogbo èèyàn kọ́ ni ọmọ ọdún méje. Ẹ wò ó."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pòṣé, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ti àgbà ló wà lórí ẹ̀," ó ní lóhùn ìsàlẹ̀. Ó dín in kù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ló mì, wọ́n ní kó máa sinmi. Ara rẹ̀ yá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ, dókítà ọ̀dọ́ yẹn rẹ́rìn-ín sí mi.

"Màmá, ẹ lágídí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn ẹ̀rọ yẹn ṣáájú tèmi, ta ló bá wọn bèèrè?"

Ọmọ mi ti tóbi ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ṣùgbọ́n mo pọ̀n ọ́n jáde bẹ́ẹ̀.