Àdìrẹ Mi Lára Ìgbòkun

Ẹ gbà mí, ojú mi rí nǹkan lónìí!

Ọkọ mi ló ní kí a kó àwọn ọmọ lọ ṣe họ́lídè lórí omi, kí a máa ti erékùṣù kan dé èkejì. Ó ní òun náà ò dé ibẹ̀ rí. A wọ Pijó ní Kútọ̀, ó di Àgbádárìgì.

Bí ọkọ mi ṣe rí baba ọlọ́kọ̀ ojú omi, ó ní kí a wá ọkọ̀ mìíràn. Òmíràn ò sí.

Baba ta ìgbòkun. Àdìrẹ ni wọ́n fi lẹ ibi tó ya. Àdìrẹ tèmi! Èmi ni mo fi ẹ̀kọ láfún ya àwọn ẹyẹ ara ẹ̀ kí n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọ̀kan ò lórí, torí ẹ̀kọ tán lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wá a tì lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi ní olè ló jí i lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí ní Aké.

"Baba, ta ló fún yín láṣọ yìí?"

"Ìyàwó ọ̀gá yìí ni, lọ́dún tó kọjá. Ẹ bá mi kí i o."

Èmi nìyàwó ẹ̀! Òní ni mo kọ́kọ́ dé Àgbádárìgì.

Ọkọ mi ní arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló gbàgbé: baba ni, àbí ọkọ mi, tó gbàgbé pé aládìrẹ lòun fẹ́?