Owó Bàbà Tó Sùn Sílé Ẹ̀gbọ́n

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ha owó náà lóòótọ́?”

Ọmọbìnrin kan ló bi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ní ìbéèrè yìí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti yànmùyánmú. Ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára awò tó fi ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kó lọ bá òun ti ilẹ̀kùn. Ìdáhùn tó rí gbà lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa yẹ owó àtijọ́ wò, kó sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó jẹ́ ayédèrú, kó sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Ìfura-Loògùn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, orúkọ náà sì rò ó. Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì kan, iná kan tó tẹrí ba bí ẹni ń kí àgbà, òṣùwọ̀n kékeré nínú àpótí onídígí, àti aṣọ dúdú tó ń tẹ́ owó lé. Bí oníbàárà bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Bó bá gba owó bàbà, á gbóòórùn rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Á fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí ká, nítorí èyí tí àwọn oníjìbìtì bá yọ́ dà máa ń ní ojú ìsopọ̀ níbẹ̀.

“Bàbà tó bá ń dán bí ọmọ tuntun,” á wí, “ẹ bi í léèrè ibi tó ti wẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ gan-an, bó bá gbé omi wọlé fún un, á ní, “Ẹ tètè bò ó o, olè dé,” á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo owó náà ní tòótọ́.

Àbúrò rẹ̀, ìyá ọmọbìnrin náà, kò yàtọ̀ sí i. Inú kan náà ló kúkú bí àwọn méjèèjì. Aránṣọ ni. Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún un, lójú oníbàárà ni yóò ti ran òwú pupa bíńtín mọ́ igun rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ pé wọ́n pààrọ̀ aṣọ òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti darúgbó, ìdajì ọjọ́ ló fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá wọn kú, owó bàbà kan ló kàn án. Orí ayaba wà lójú kan, ọkọ̀ ojú omi wà lójú kejì. Ó mú owó náà àti ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Bí owó náà bá níye lórí, á tà á, á fi ra ẹ̀rọ tuntun.

Ìfura-Loògùn wò ó lábẹ́ awò. Ó fà á sún mọ́ iná.

“Wo okùn ọkọ̀ yìí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹyọ kan tó pa rẹ́. Kò sí ibi tí nǹkan ti ha á. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí.”

“Ó dáa gan-an nìyẹn?”

“N kì í dájọ́ lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ rí owó. Fi í sílẹ̀ kó sùn síbí. Mo fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ wò ó.”

“Kó sùn síbí kẹ̀?”

“Gbogbo ènìyàn ló ń fi tiwọn sílẹ̀.”

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi ni gbogbo ènìyàn? Àbí ẹ ń fura sí mi ni?”

“Owó ni mo ń fura sí.”

“Owó ò lẹ́sẹ̀. Ènìyàn ló ń gbé e rìn.” Ó di owó náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ní òun á mú un wá lọ́la.

Nílé, ọmọbìnrin náà bá ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé, tó ń fi abẹ́rẹ́ fa ìlà bíńtín sábẹ́ ọrùn ayaba.

“Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń sàmì sí i ni. Ọmọ ìyá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹni. Bó bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, màá mọ̀. Pa ẹnu rẹ dé.”

Ọmọ pa ẹnu rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé owó náà lọ, ó sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ gbà á, Ìfura-Loògùn kò jókòó.

“Àbúrò mi, èmi ni kó o bínú sí. Ẹ̀mú tí mo fi ń gbé owó yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ha owó náà. Ojúlówó ni, ṣùgbọ́n ó ti lọ́gbẹ́, mi ò sì lè fi pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Iye tí yóò mú wá kò ní tó ìdajì.”

Obìnrin náà já owó náà gbà, ó yí i síbi ọrùn ayaba, ó rí àmì rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Ló bá ju owó náà padà sórí aṣọ dúdú, ó figbe ta.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú olè wo gbogbo ayé! Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ yín gan-an ni olè!”

Bó ti ń pariwo lọ, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò. Ó wo ojú kan, ó wo ojú kejì. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ha owó náà, abẹ́ ọrùn ayaba níbi tí ìyá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fà ni, ó sì ń pọ́n bí ojú egbò tuntun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi ìbínú jáde ni ọmọ dúró sẹ́yìn, tó bi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bóyá òun ló ha owó náà lóòótọ́.

Wọ́n ta owó náà ní iye tó kéré fún oníbàárà kan, ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù ni ìyá rẹ̀ sì fi rà. Bó bá ti já òwú, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń forí lé. “Ẹ̀mú yín tún ti já òwú mi lónìí!” Á fa àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, á gbé abọ́ oúnjẹ tó sè wá kalẹ̀, á sì bú u títí oúnjẹ náà á fi tán.

Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ kò gbàgbé. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, ó ní ohun tó ń wá. Ṣé bàbá náà àti ẹni tó ra owó náà ni wọ́n jọ pín èrè ni? Ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù náà bóyá ohun tuntun kan á yọjú. Ọdún ń gorí ọdún, iná àtijọ́ náà ṣì tẹrí ba, àga náà ṣì ń mì. Kò rí nǹkan kan.

Ọmọbìnrin náà ti di àgbàlagbà, ojú Ìfura-Loògùn sì ti di bàìbàì, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán tó sì gba ilé lọ. Bàbá náà nu ẹnu rẹ̀, ó ti abọ́ sápá kan.

“O bi mí ní nǹkan nígbà kan,” ó wí. “Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ìyá rẹ pé àmì rẹ̀ ló ba owó jẹ́, á mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó pè mí lólè nínú ọkàn rẹ̀. Ìtìjú ò ní jẹ́ kó tún wọ ibí láéláé. Bó ṣe wá gbà pé èmi ni yìí, ọ̀sẹ̀ wo lo rí tí kò wá bú mi?”