Ẹ̀rí Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Perpetua Jẹ́

Ó ti pẹ́ gan-an tí Perpetua Dimaandal ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Manila nípa òfin ilé-iṣẹ́ àti ti ìpín ìdókòwò tí ará ìlú ń rà. Nígbà tí Rodel Magbanua, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, di alága ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, inú rẹ̀ dùn.

Ìpàdé kan ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà á. Rodel ní omi ti ya wọ ibi tí àwọn ti ń wa kùsà, pé ará ìta kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ títí àwọn yóò fi ta ìpín tiwọn tán kí owó rẹ̀ tó já wálẹ̀. Àwọn yòókù mi orí pé àwọn fara mọ́ ọn.

"Rodel, èmi ni mo kọ́ ẹ pé ẹ̀wọ̀n wà nídìí ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi ibi téèyàn ti lè yọ́ bọ́ nínú òfin ọ̀hún hàn mí, mà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Perpetua kúrò nínú ìgbìmọ̀, ó sì fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí níwájú àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá, ó gbé òdòdó òkú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Perpetua, irú èyí tí wọ́n ń tò yí pósí ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kú?" Consolacion, àbúrò tó ń bá a gbé, béèrè.

Perpetua ka orúkọ tó wà lára ọ̀já rẹ̀. "Èmi ni."

Látọjọ́ náà, bí alùpùpù bá ti rọra dúró nítòsí, á lọ wò ó bóyá òun ti ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ pé ẹ ò gbọ́ dáadáa," ni Consolacion bẹ̀ ẹ́. "Àgbà ti dé, wọ́n á gbà á gbọ́."

"Kí ni n ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ?"

"Ẹ kọ́ wọn béèyàn ṣe ń wà láàyè."

Síbẹ̀, Perpetua lọ jẹ́rìí. Rodel jókòó ní ọ̀kánkán, ó tẹjú mọ́ ọn. Perpetua sọ gbogbo ohun tó gbọ́. Ni Hermogenes Paglinawan, ọ̀kan lára àwọn tó mi orí níjọ́sí, bá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Bó ṣe rí nìyẹn," ló wí, ó sì jókòó.

Wọ́n yọ Rodel nípò alága, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Consolacion kó lọ sí ìlú Iloilo. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Perpetua ṣì ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kì í kọ̀wé sójú pátákó mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń bẹ̀ láti bá a kọ ọ́, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.