Ata Pípọ́n Lójú Màámi, Ata Pípọ́n Lójú Mi

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni Màámi kọ́kọ́ pè mí ní onírọ́. Agogo méje ti kọjá díẹ̀. Ó dá mi lójú, nítorí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè bí ó ti ń wọ Ìfọ́ ni.

Òórùn ata gba gbogbo àgbàlá wa, ó ń ta ni nímú. Orí ẹní ni Màámi ti ń sá a fún àwọn oníbàárà tó ń kó o lọ sí Èkó. Ata tó pọ́n dáadáa ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tí kò bá tíì pọ́n, ṣe ló máa ń funfun bí ó bá gbẹ, a sì ba ojú ọjà jẹ́. Lọ́jọ́ náà, ata funfun kún orí ẹní. Èmi ni mo já a. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ni Màámi máa ń wí. Ó fi àwọn ata náà hàn mí, ó bi mí léèrè ìdí tí mo fi já tútù mọ́ pípọ́n. Mo ní lórí igi, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú tèmi. Ó ní ọ̀lẹ ni mí, mo tún wá ń purọ́ mọ́ ọn. Ó pinnu pé bí ọjà tó ń bọ̀ bá ti ná tán, òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Abẹ́òkúta, tíṣà tí gbogbo ẹbí mọ̀ mọ́ pàṣán. Mi ò fẹ́ kúrò nílé. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni mo sọ. Mo mọ̀ pé ata máa ń pọ́n, pé ewé kì í sì í ṣe pupa, torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wí. Ọ̀rọ̀ náà ni mo kọ́, mi ò rí ohun tó ń tọ́ka sí.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ojú ńlá bíi ti màlúù, kò sì rí ata." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní kí Màámi dán mi wò kó tó mú mi lọ.

Màámi kó ata mẹ́wàá síwájú mi lórí àtẹ, márùn-ún pọ́n, márùn-ún ò pọ́n. Mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbóòórùn wọn, ohun tí kò sáyè fún lóko, mo sì yà wọ́n láìṣì kan.

"Ẹ ò rí i, Màmá?" ni Màámi wí. "Ó mọ̀ ọ́n. Ìwà ló ń hù."

Mo rí i pé mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìborùn dì mí lójú. Ó dì mí lójú, ó pa ata pọ̀, mo sì tún yà wọ́n bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó tú ìborùn, kó gbé àtẹ jìnnà sí mi, kó máa fọwọ́ kan ata lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ bóyá ó pọ́n tàbí kò pọ́n láti ibi tí mo dúró sí. Nínú mẹ́wàá, mẹ́fà ni mo ṣì.

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá Ráṣídì, tó bá jẹ́ ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n, ìgbà tá a dì í lójú ló yẹ kó ṣì í. Èyí, ìgbà tó lajú ló ń ṣì í."

Màámi jókòó. Ó mú ata kan, ó wò ó, ó wò mí. Ó fi oríkì mi pè mí: "Àkànní, báwo ló ṣe rí lójú ẹ?"

Mo ní ó rí bí ewé tó yí i ká lórí igi.

Ní yunifásítì, dókítà kan sọ orúkọ àléébù ojú náà, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, fún mi, ó ní ọkùnrin púpọ̀ ló ní in. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó dán mi wò kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́. Èmi tí mo ti gboyè fẹ́ mọ irú pupa tí ojú ẹlòmíràn ń rí. Ọwọ́ ọmọ náà tẹ tirẹ̀. Mi ò rò pé ọwọ́ mi lè tẹ tèmi. Kódà ẹ̀yin tí ojú yín pé, bí ẹ bá jọ pe ata ní pupa, ẹnu yín ló kò. Mi ò lè búra pé ohun kan náà lẹ jọ ń rí.

Èyí tí mo lè búra sí nìyí: mi ò lọ Abẹ́òkúta. Títí mo fi kúrò nílé, nígbàkigbà tí mo bá ní nǹkan ò rí bákan náà lójú mi, Màámi á kọ́kọ́ dìde wá wò ó. Kò sì pè mí ní onírọ́ mọ́.